Omi Abẹ́ Ògiri: Láti Àpáàdì Ilé-Ifẹ̀ dé Dutse Alhaji

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ìkìlọ̀ fún aláìmúra ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi òwe yìí ṣe, ó sì bá a mu bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó yóò rí i pé òwe náà kò mẹ́nu kan ìjì, kò mẹ́nu kan àgbàrá. Ìrì ni ó dárúkọ. Ìrì kì í dún lórí òrùlé, kì í gbé ilẹ̀kùn lọ, kì í sì í jí olóorun. Òru ni ó ń sẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Ó jọ pé àwọn tí ó kọ́kọ́ pa òwe náà ti mọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ onílé òde òní kò kọ́ àfi ìgbà tí ó bá ti ná wọn lówó: omi tí ń jẹ ilé díẹ̀díẹ̀ láìfara hàn kò kéré ní ọ̀tá sí omi tí gbogbo àdúgbò rí tí wọ́n sì sá fún.

Ìtàn bí àwọn Yorùbá ṣe bá omi yìí jà nínú ilé wọn gùn, ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n kí a tó sọ̀rọ̀ lórí ìlú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kún bí Dutse Alhaji ní agbègbè Olú-Ìlú Nàìjíríà.

Èdè fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Mímọ ni a ń mọ ilé, gẹ́gẹ́ bí a ti ń mọ ìkòkò. Ilẹ̀ pupa kan náà ni, omi kan náà ni, ẹsẹ̀ tí ń pò ó kan náà ni. Ṣùgbọ́n ìkòkò wọ iná, ilé kò wọ iná. Nítorí náà ìkòkò a máa gba omi sínú láìyẹsẹ̀, ògiri ilé ní tirẹ̀ a sì tún padà di ẹrẹ̀ bí omi bá pẹ́ lára rẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀lé àtijọ́, orí àléébù kan yìí ni ó dá lé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń mọlé. Wọn a mọ ìpele kan, wọn a fi í sílẹ̀ kí oòrùn pa á kí wọn tó gbé òmíràn lé e. Wọn a jẹ́ kí ògiri nípọn, kí òrùlé sì wálẹ̀ púpọ̀ tí ó fi jẹ́ pé àgbàlagbà níláti tẹ̀ ba kí ó tó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun tí ó kọ́kọ́ rí ilé wọ̀nyí rò pé àìmọ̀kan ni ó mú kí òrùlé kúrú bẹ́ẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé ọ̀ọ̀ṣọ̀rọ̀ ni wọ́n ń lé jìnnà sí ẹsẹ̀ ògiri. Àrò tí ń rú èéfín nínú ilé pẹ̀lú kì í ṣe fún ọbẹ̀ nìkan: èéfín a máa gbẹ òrùlé láti abẹ́, a sì máa lé kòkòrò jáde nínú koríko.

Ní Ilé-Ifẹ̀, ọgbọ́n náà dé orí ilẹ̀. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tí ó jọba, ni ó pàṣẹ pé kí wọn fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà àti àgbàlá ìlú, nítorí pé kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan aṣọ òun. Àwọn tí ó wa ilẹ̀ ìlú náà jẹ́rìí sí àpáàdì wọ̀nyí. Frank Willett rí wọn ní Ìta Yemòó nígbà tí ó ń walẹ̀ níbẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950, Peter Garlake sì rí wọn ní ilẹ̀ Ọbalárá ní 1971 sí 1972. Ìdúró ni wọ́n to àpáàdì náà, etí rẹ̀ sókè, ọ̀kan ti èkejì bí egungun ẹja. Ní àwọn ibòmíràn wọ́n fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ ya ìlà sí i láàrin. Láàrin ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni àwọn onímọ̀ fi púpọ̀ nínú wọn sí, wọ́n sì ti rí irú rẹ̀ dé ilẹ̀ Benin àti Togo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yìn ín nítorí ẹwà rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ tún tóbi ju ẹwà lọ. Àgbàlá tí òrùlé mẹ́rin ń da omi sí láàrin yóò di kòtò láìpẹ́ bí ilẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ yẹ̀pẹ̀ lásán, omi yóò sì máa wọ abẹ́ ògiri yí ká. Àpáàdì ni kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá ibi tí àwọn Yorùbá ti kọ́kọ́ fi ohun tí ó wọ iná ya ilé nípá kúrò lọ́dọ̀ omi, kí ó lọ sí Ifẹ̀.

Ọ̀yọ́ ní tirẹ̀ sọ àtúnṣe òrùlé di ọdún. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, sọ nípa ọdún Bẹẹrẹ, nígbà tí àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin ń ru koríko bẹẹrẹ wá sí ààfin fún bíbo òrùlé. Àmì ìtẹríba ni, òpìtàn kankan kò sì jiyàn èyí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a fi ojú kọ́léékọ́lé wò ó pẹ̀lú. Koríko kì í pẹ́ tí ó fi ń jẹrà lábẹ́ òjò. Ààfin tí ó ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀bì àti àgbàlá kò lè dúró de ìgbà tí ilé bá jò kí ó tó wá koríko kiri. Nítorí náà ni wọ́n ṣe so àtúnṣe mọ́ oṣù, wọ́n so oṣù mọ́ ọdún, wọ́n sì so ọdún mọ́ ọlá ọba. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé òun gbàgbé. Fún àwọn mẹ̀kúnnù, ọ̀wẹ̀ ni ó ṣe irú iṣẹ́ yìí: àwọn àna, ọ̀rẹ́ àti ẹgbẹ́ a péjọ ní ẹ̀ẹ̀rùn, ilé a gba ìbora tuntun, onílé a sì pèsè oúnjẹ àti ẹmu. Nínú igbó, ewé gbòdògì ni wọ́n ń lò dípò bẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ètò kò yàtọ̀. Ilé jẹ́ ohun tí a mọ̀ pé ó ń kú, a sì ń bẹ̀ ẹ́ wò.

Páànù ni ó kọ́kọ́ yí ìrònú yìí padà. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí ó ti gbòde ní Èkó, nígbà tí ọ̀rúndún ogún sì fi wọ̀ dáadáa, ó ti bo Ìbàdàn láti Mápó dé ẹ̀yìn odi. Kì í jó bí koríko, kì í sì í béèrè ọ̀wẹ̀ lọ́dọọdún. Èyí dára. Ṣùgbọ́n òrùlé páànù kò wálẹ̀ bò ògiri mọ́, ọ̀ọ̀ṣọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń ṣubú pẹ̀lú agbára sí ẹsẹ̀ ilé gan-an. Ẹni tí ó bá rin ojúlé àtijọ́ ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta yóò rí ohun tí èyí fà: ògiri tí ó ti jẹ wọnú ní ìsàlẹ̀, tí ìpìlẹ̀ yọ síta bí eyín arúgbó. Àrò pẹ̀lú ti kúrò nínú ilé lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kò sì sí èéfín tí yóò gbẹ àjà mọ́.

Lẹ́yìn páànù ni sìmẹ́ńtì dé. Ọkọ̀ òkun ni ó kọ́kọ́ ń kó o wá, ó sì wọ́n. Nítorí náà ni àwọn onílé ṣe fi amọ̀ mọ ara ilé, tí wọ́n wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ojú rẹ̀, kí ó lè dà bí ilé aláwọ̀ funfun. Èyí ni àṣìṣe tí ó pẹ́ jù nínú ìtàn ilé ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sì tíì tán. Ògiri amọ̀ a máa mí: omi tí ó bá fà láti ilẹ̀ a gba ojú rẹ̀ jáde lọ. Bí wọ́n bá fi sìmẹ́ńtì pa á lójú, omi a máa wọlé láti ìsàlẹ̀ àti láti inú ibi tí ó sán, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Lóde, ilé ń dán. Nínú, amọ̀ ti ń padà di ẹrẹ̀. Ìgbà tí sìmẹ́ńtì bá bó lulẹ̀ ni wọ́n tó mọ̀ pé ìpẹ́pẹ́ lásán ni ó gbé ilé náà dúró láti ọjọ́ yìí. Àwọn tí ń tọ́jú àwọn ère Susanne Wenger àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO gbà sínú ìwé ohun ìní aráyé ní 2005, mọ ìṣòro yìí dáadáa. Ère tí ó ga bẹ́ẹ̀, ihò tí kò tó ojú abẹ́rẹ́ lè jẹ́ kí òjò wọ ọ́.

Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, ọdún òmìnira, láti ìgbà náà ni búlọ́ọ̀kù sì ti ń lé amọ̀ kúrò ní ìgboro. Nígbà tí owó epo dé, ìfẹ́ sìmẹ́ńtì di wèrè. Ìjọba ológun ra nǹkan bí mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù, iye tí èbúté Àpápá kò lè gbà ní ọdún díẹ̀ rárá, débi pé ní 1975 ọkọ̀ òkun tí ó lé ní 400 ló tò sórí òkun níwájú Èkó, tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ru sìmẹ́ńtì. Ọ̀rinrin òkun wọ inú àpò. Púpọ̀ nínú ẹrù náà di òkúta nínú ọkọ̀ kí ó tó fojú kan bíríkìlà. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyè méjì pé omi tí kò dún lè ba ohun ńlá jẹ́, kí ó rántí ọdún náà.

Ọdún kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtàn Àbújá. Ní oṣù kẹjọ 1975, Ọ̀gágun Murtala Muhammed gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Akínọlá Àgùdà, ọmọ Àkúrẹ́, láti wá ibi tí olú-ìlú tuntun yóò wà. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì 1976, òfin kẹfà ọdún náà dá agbègbè Olú-Ìlú sílẹ̀. Ilẹ̀ náà kò ṣófo. Àwọn Gbagyi, tí àwọn Hausa ń pè ní Gwari, wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹ̀yà mìíràn. Àwọn obìnrin wọn ni a mọ̀ mọ́ gbígbé ẹrù lé èjìká dípò orí. Ilé amọ̀ roboto tí ó ní òrùlé koríko ṣóńṣó ni wọ́n ń gbé. Ilé roboto kò ní igun tí àgbàrá lè jẹ, koríko rẹ̀ sì bo ògiri. Ọgbọ́n wọn àti ti àwọn ará Ọ̀yọ́ pàdé níbi kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà wọn yàtọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ìletò Gbagyi wọ̀nyí ni Dutse Alhaji, tí ó wà ní àríwá ìlú, ní ọ̀nà Kubwa àti Bwari, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Bwari tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1996. Òkúta ni Dutse túmọ̀ sí ní èdè Hausa, ẹni tí ó bá sì gbé ojú sókè níbẹ̀ kò ní béèrè ìdí. Nígbà tí Ọ̀gágun Babangida kó ìjọba dé Àbújá ní ọjọ́ kejìlá oṣù kejìlá 1991, àwọn òṣìṣẹ́ kékeré, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò lè san owó ilé láàrin ìlú bẹ̀rẹ̀ sí wá ibùgbé lẹ́yìn odi. Láti 2003 sí 2007, nígbà tí Mallam Nasir El-Rufai jẹ́ mínísítà, ìjọba wó ọ̀pọ̀ ilé tí kò bá ètò ìlú mu, àwọn tí ilé wó lé lórí sì tún ṣí lọ sí irú ibi wọ̀nyí. Bẹ́ẹ̀ ni ìletò di ìlú. Yorùbá, Ìgbò, Hausa, Tiv, Igala àti àwọn mìíràn ń gbé ojúlé kan náà pẹ̀lú àwọn Gbagyi tí ó ni ilẹ̀. Ilé yára ju gọ́tà lọ. Èyí ni kókó ọ̀rọ̀.

Ìdí tí ó fi jẹ́ kókó ni pé òkúta Dutse kò jìn sílẹ̀. Ní ibi tí yẹ̀pẹ̀ bá jìn, òjò a rì lọ sísàlẹ̀. Ní ibi tí òkúta líle bá wà nísàlẹ̀ díẹ̀, omi a kan òkúta, a sì yà, a máa wọ́ lọ láàrin yẹ̀pẹ̀ láti orí òkè wá sí ẹsẹ̀ òkè. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá ni òjò fi ń rọ̀ ní agbègbè náà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń rọ̀ láti oṣù keje dé oṣù kẹsàn-án. Ní àkókò yẹn ilẹ̀ a yó. Kòtò ṣọ́kàwéè tí ó yẹ kí ó máa fa omi ìgbọ̀nsẹ̀ sínú ilẹ̀ a kọ̀, nítorí pé ilẹ̀ kò ní àyè mọ́. Omi náà a wá ọ̀nà mìíràn. Ìpìlẹ̀ ilé ni ó sún mọ́ ọn jù, pàápàá ní ibi tí ilé méjì fara kan ara, tí ṣọ́kàwéè ẹnìkan wà lẹ́yìn yàrá ẹlòmíràn.

Búlọ́ọ̀kù tí iyanrìn pọ̀ jù sìmẹ́ńtì lọ a máa mu omi bí kànrìnkàn. Láti ihò kékeré dé ihò kékeré ni omi ń gùn ún, gẹ́gẹ́ bí epo ti ń gun òwú fìtílà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìgbẹ̀yìn ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n fi òfin dè é pé kí wọn tẹ́ ohun tí omi kò lè là kọjá sí àárín ìpìlẹ̀ àti ògiri. Ohun náà ni àwọn bíríkìlà wa ń pè ní DPC. Ṣùgbọ́n ohun tí ó pani lẹ́rìn-ín, tí ó sì bani nínú jẹ́, ni pé orúkọ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn mú, wọ́n fi ohun náà sílẹ̀. Kọnkéré tí wọ́n dà sórí ìpìlẹ̀ ni wọ́n ń pè ní DPC, bẹ́ẹ̀ ni kọnkéré lásán kò lè dá omi dúró bí kò bá sí ọ̀rá tí ó nípọn tàbí ọ̀dà kóńtà lábẹ́ rẹ̀. Owó ọ̀rá náà kò tó owó ilẹ̀kùn kan.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé omi wà nínú ògiri kí ó tó di ọ̀ràn? Òórùn ni ó máa ń ṣáájú: yàrá a máa rùn bí aṣọ tí wọ́n ká nígbà tí kò tíì gbẹ, pàápàá bí wọ́n bá ṣí i lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ọ̀dà a wú bí ojú gbọ̀ngbọ̀n, a sì bó. Iyọ̀ funfun a yọ sára ògiri bí ìyẹ̀fun. Iyọ̀ inú ilẹ̀ àti inú búlọ́ọ̀kù ni, tí omi gbé wá, tí omi gbẹ, tí iyọ̀ sì kù. Táìlì tí a bá kàn lọ́wọ́ a dún bí igbá òfìfo. Ilẹ̀kùn tí ó ti ń pa tẹ́lẹ̀ a há. Ìhù dúdú a so lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Ikán a dé, nítorí pé ikán kò fẹ́ràn igi gbígbẹ bí ó ti fẹ́ràn igi tí ọ̀rinrin ti rọ̀.

Àwọn àmì wọ̀nyí wà níbi gbogbo. Èyí tí ó ṣòro ni láti mọ ibi tí omi ti wá, nítorí pé omi kì í sábà yọ ní ibi tí ó ti wọlé. Páànù lè lu ní ìhà ìlà-oòrùn kí omi tọ igi àjà lọ kán sí ìhà ìwọ̀-oòrùn. Síbẹ̀ ibi tí àmì ga dé àti àkókò tí ó ń tutù a máa tú àṣírí. Omi tí ń gùn láti ilẹ̀ kì í sábà ga ju mítà kan tàbí díẹ̀ lé e lọ; ìlà rẹ̀ a gùn lọ ní ẹsẹ̀ ògiri bí etí aṣọ tí ó wọ odò. Omi òrùlé ń ti òkè bọ̀, ó sì ń dé lẹ́yìn òjò. Àwọn ilé tí ó fi ògiri pàrápẹ́ẹ̀tì bo páànù, tí gọ́tà kọnkéré wà lẹ́yìn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà tí ó gbòde ní Àbújá báyìí, ní ìṣòro yìí ju àwọn mìíràn lọ, nítorí pé ewé àti ìdọ̀tí a dí gọ́tà náà lókè níbi tí ojú kò tó o, omi a sì dúró sí i fún oṣù mẹ́ta. Omi páìpù tí ó fọ́ nínú ògiri kò mọ òjò, kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn.

Níbi yìí ni ọyẹ́ ti wúlò. Ọyẹ́ Àbújá kì í ṣe eré: láti oṣù kejìlá dé oṣù kejì, ètè a máa là, igi a máa sán, aṣọ a sì gbẹ kí onítọ̀hún tó jẹun tán. Bí ògiri kan bá ṣì tutù ní oṣù kìíní ní Dutse Alhaji, kò sí òjò tí a lè dá lẹ́bi. Páìpù ni, tàbí táǹkì, tàbí ṣọ́kàwéè. Kí onílé ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa ní alẹ́, kí ó sàmì sí ibi tí omi táǹkì dé, kí ó tún wò ó ní òwúrọ̀. Bí ó bá ti relẹ̀, ibì kan wà tí ó ń mu ún. Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, aró díẹ̀ nínú ọpọ́n omi rẹ̀ yóò fi hàn: bí àwọ̀ bá yọ sínú àwo láìjẹ́ pé ẹnìkan fà á, ọpọ́n náà ń jò. Bí ó bá sì rú ni lójú bóyá ọ̀rinrin yàrá ni ó ń lẹ̀ mọ́ ògiri tàbí inú ògiri ni omi ti ń bọ̀, kí ó fi téèpù lẹ ọ̀rá kan mọ́ ògiri náà yí ká, kí ó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Bí ìrì bá wà lójú ọ̀rá, inú yàrá ni, fèrèsé ni kí ó ṣí. Bí ìrì bá wà lẹ́yìn ọ̀rá, inú ògiri ni.

Ohun tí irú omi bẹ́ẹ̀ ń ṣe kò mọ sí ọ̀dà tí ó bó. Àjọ ìlera àgbáyé kọ ìlànà kan jáde ní 2009 lórí ọ̀rinrin àti ìhù nínú ilé, ó sì fi múlẹ̀ pé àwọn tí ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ikọ́, èémí tí ń súfèé àti ikọ́ fée ń yọ lẹ́nu ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Ọmọ tí ń sùn ní ẹsẹ̀ ògiri ni ó ń fa ìhù náà símú lóru. Ìyá rẹ̀ a máa ra oògùn ikọ́ kiri, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún un pé kí ó wo ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì.

Èyí tí ó burú jù wà nínú kọnkéré. Irin tí ó wà nínú òpó àti òrùlé kọnkéré ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kì í dípẹtà níwọ̀n ìgbà tí omi àti atẹ́gùn kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìpẹtà tí ó ń yọ lára irin náà a máa gba àyè tí ó tó ìlọ́po méjì sí mẹ́fà irin tí ó jẹ. Kò sí kọnkéré tí ó lè gba èyí mọ́ra. Ó níláti sán, ibi tí ó sán a sì tún jẹ́ kí omi púpọ̀ sí i wọlé. Ìlà pupa tí ń ṣàn sílẹ̀ lára òpó kì í ṣe ìdọ̀tí. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹjọ 2023, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wó ní Garki Village, láàrin Àbújá gan-an, lẹ́yìn tí òjò ńlá rọ̀. Ènìyàn kú níbẹ̀, wọ́n sì yọ ọ̀pọ̀ mìíràn láàyè lábẹ́ àwókù. Ohun tí ó wó ilé náà lè pọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ṣùgbọ́n àkókò tí ó wó, àárín òjò oṣù kẹjọ, kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ìtàn ilé wíwó ní ilẹ̀ yìí.

Ní báyìí, ta ni yóò tún un ṣe? Ní ayé Bẹẹrẹ, ìbéèrè yìí kò sí. Ní ojúlé tí ayálégbé mẹ́jọ ń gbé, tí onílé wà ní ìlú mìíràn, tí aṣojú rẹ̀ kì í wá àfi ní ọjọ́ owó ilé, ìbéèrè náà ni gbogbo ọ̀ràn. Ayálégbé a ní ilé kì í ṣe tòun. Onílé a ní òun kò rí nǹkan kan. Nígbà tí ayálégbé bá kó jáde, wọn a fi ọ̀dà tuntun kun ògiri ní oṣù kejìlá, nígbà tí ọyẹ́ ti gbẹ ojú rẹ̀, ẹni tuntun a sì wọlé ní oṣù kìíní pẹ̀lú ẹ̀rín. Oṣù keje ni ojú rẹ̀ ń là. Ọ̀dà tí wọ́n ń polówó pé omi kò lè là á kọjá tún burú sí i bí wọ́n bá fi kun ògiri tí ó ṣì tutù nínú, nítorí ohun tí sìmẹ́ńtì ṣe fún amọ̀ ní àádọ́rin ọdún sẹ́yìn ni ọ̀dà náà ń ṣe fún búlọ́ọ̀kù lónìí. Ọgbọ́n wà nínú kí ẹni tí ń wá ilé lọ wò ó ní oṣù kẹsàn-án, kí ó sì wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àti abẹ́ fèrèsé kí ó tó wo táìlì.

Iṣẹ́ àtúnṣe ní ìtẹ̀lé-n-tẹ̀lé tí kò gbọdọ̀ yí padà. Ibi tí omi ti ń wọlé ni a kọ́kọ́ ń dí, a ó jẹ́ kí ògiri gbẹ, kí a tó rẹ́ ẹ, kí a tó kùn ún. Èyí tí ó wà láàrin ni àwọn ènìyàn kì í fẹ́ dúró dè. Ìwọ̀n tí àwọn kọ́léékọ́lé mọ̀ ni oṣù kan fún íńṣì kan nínípọn, bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ sí i dáadáa. Ògiri búlọ́ọ̀kù oníńṣì mẹ́sàn-án kì í ṣe ohun tí ń gbẹ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì tí bíríkìlà dá. Bí wọ́n bá há gbogbo ohun tí a rẹ́ kúrò lára rẹ̀ ní oṣù kọkànlá, tí ojú rẹ̀ méjèèjì ṣí sílẹ̀, ọyẹ́ yóò bá onílé ṣe èyí tí ó pọ̀ jù láìgba kọ́bọ̀. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹta ti pẹ́, òjò yóò bá a lẹ́nu rẹ̀.

Lóde, ilẹ̀ ni kí wọn tún ṣe kí omi lè máa ṣàn kúrò lára ilé, kí wọn gbẹ́ gọ́tà sí ìhà òkè tí omi ti ń bọ̀, kí wọn sì da kọnkéré tàbí òkúta yí ẹsẹ̀ ògiri ká sí ibi tí ọ̀ọ̀ṣọ̀rọ̀ ń bọ́ sí. Ní Dutse, gọ́tà tí ẹnìkan gbẹ́ nìkan kì í wúlò, nítorí pé ẹ̀yìn ilé aládùúgbò ni yóò da omi náà sí. Ó níláti gba iwájú ilé mẹ́rin tàbí márùn-ún kọjá kí ó tó dé odò, èyí tí ó túmọ̀ sí pé onílé mẹ́rin tàbí márùn-ún, bóyá ẹ̀yà mẹ́rin tàbí márùn-ún pẹ̀lú, níláti jókòó sọ ọ́ kí òjò tó dé, kí wọn dá owó, kí àwọn ọ̀dọ́ wọn sì gbé ṣọ́bìrì ní ọjọ́ kan náà.